Géèmù àtijọ́ tó yẹ káwọn ọ̀dọ́ Ọ̀sí àti Ìlọ́fà máa gbá dípò tẹ́tẹ́

Lọ́dọ̀ wa níbí, láti Ọ̀sí títí dé Ìlọ́fà, bí òbí bá rí ọmọkùnrin ẹni ogún ọdún tó jókòó ti láptọ́ọ̀pù lóru, ohun méjì péré ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Bí kò bá jẹ́ yahoo-yahoo ló ń ṣe, á jẹ́ pé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń ta. N kò bá àwọn òbí jà o, ohun tójú wọn ti rí ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ohun kẹta wà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí. Géèmù kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni, àwọn tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1998 sí 2003, tó dá lórí ayé àlọ́, ogun àti ọgbọ́n orí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́ káwọn ọmọ yín gbá wọn. Kódà, mo fẹ́ kẹ́yin náà bá wọn jókòó tì í.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí kò farasin. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ ní ìpínlẹ̀ Kwara kì í fẹ́ jáde lálẹ́ mọ́. Láti ìgbà táwọn agbébọn ti pa Olúkòrò ti Kòrò, Ọba Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú, ní oṣù Kejì, ọdún 2024, tí wọ́n sì tún ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Erúkù ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, ilẹ̀ kì í tíì ṣú tán táwọn èèyàn á ti tilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ti wà nínú ilé láti aago méje alẹ́, tí oorun kò sì tíì kùn ún, á wá nǹkan fọwọ́ ṣe. Ohun tó sì sún mọ́ ọn jù lórí fóònù ni ilé tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kó fi igba náírà síbẹ̀, pé ogójì ẹgbẹ̀rún ló máa fi kó o. Kílẹ̀ tó mọ́, owó oúnjẹ ọ̀la ti bá a lọ.

Kí n tó máa dárúkọ àwọn géèmù náà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n jẹ́. Oríṣi méjì ni. Àkọ́kọ́ ni ti ọgbọ́n ogun. Ẹ ní ìlú, ẹ ní ọmọ ogun, ẹ ní ìṣúra, ẹ ó sì máa ronú bẹ́ ẹ ṣe máa ná an kí ọ̀tá tó dé. Ìkejì ni èyí téèyàn ti máa ń gbé ìwà ẹlòmíì wọ̀. Ẹ lè jẹ́ ọdẹ, ẹ lè jẹ́ oníṣègùn, ẹ lè jẹ́ olè pàápàá. Ẹ ó kó ẹgbẹ́ jọ, ẹ ó rìnrìn àjò, ohun tẹ́ ẹ bá sì sọ fáwọn tẹ́ ẹ bá pàdé lójú ọ̀nà lè yí bí ìtàn ṣe máa lọ padà. Orí tábìlì ni irú eré kejì yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, ló gbé Dungeons & Dragons jáde lọ́dún 1974, bébà, pẹ́ńsù àti dáìsì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn, àwọn yòókù á máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nínú ìtàn náà. Àlọ́ alẹ́ lásán ni, àfi pé àwọn tó ń gbọ́ àlọ́ yìí láṣẹ láti bá apàlọ́ dá sí i.

Ẹ lè ní kí ló dé tó jẹ́ ti àtijọ́ ni mo ń polongo. Ẹ wò ó. Baldur's Gate 3, tó jáde lọ́dún 2023, tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀, àyè gígábáìtì 150 ló ń béèrè lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣírò iye dátà tẹ́ ẹ máa rà, kẹ́ ẹ tó wá ṣírò iye kọ̀ǹpútà tó lè gbé e. Ṣùgbọ́n Heroes of Might and Magic III, tó jáde lọ́dún 1999, mẹ́gábáìtì 32 ti RAM ló béèrè nígbà tí wọ́n ṣe é. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ òyìnbó kó tó dé Ìlọrin, á gbé e láìmí. Kò fún kọ̀ǹpútà níṣẹ́ tó pọ̀, nítorí náà bátìrì kì í tètè kú. Bẹ́ ẹ bá ti fi í sórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, kò tún béèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́wọ́ yín mọ́. Kì í sì í kánjú yín. Ẹ ó ṣe tiyín, ọ̀tá á ṣe tirẹ̀, bí ẹni ń ta ayò. Ẹ lè dìde lọ yí ọkà lórí iná, kẹ́ ẹ padà wá bá a níbi tẹ́ ẹ fi í sí.

Heroes III yìí gan-an ni mo máa fi ṣíwájú. Ilé iṣẹ́ New World Computing ti Amẹ́ríkà, tí Jon Van Caneghem dá sílẹ̀, ló ṣe é. Oríṣi ìlú mẹ́jọ ló kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀, wọ́n fi ìkẹsàn-án kún un lẹ́yìn náà. Ìlú àwọn ajagun ẹlẹ́ṣin wà níbẹ̀, ìlú àwọn oṣó wà níbẹ̀, ìlú àwọn ará àbàtà wà, ìlú àwọn òkú tó jí dìde náà wà. Oríṣi ìṣúra méje lẹ ó máa wá kiri: wúrà, igi, òkúta, àti mẹ́rin mìíràn tó ṣọ̀wọ́n jù wọ́n lọ. Ibi tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà ni bí wọ́n ṣe ṣètò ọjọ́. Ọjọ́ méje ló wà nínú ọ̀sẹ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú ọ̀sẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ogun tuntun máa ń dé sí ìlú. Ẹni tó bá ti ná gbogbo owó rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, ojú ló máa fi wò wọ́n. Ẹni tó bá sì ń tọ́jú owó láìkọ́ ilé kankan, kò ní rí ọmọ ogun kankan rà bí owó tiẹ̀ kún àpò rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣọ́ọ̀bù tàbí tẹ́ ẹ ń dáko, ẹ mọ irú ìṣirò yẹn dáadáa.

Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní yunifásítì, àwa mẹ́rin la máa ń pín láptọ́ọ̀pù kan lò fún géèmù yìí. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan á jókòó ṣe tirẹ̀, àwọn yòókù á kọ ẹ̀yìn sí i kí wọ́n má bàa rí àṣírí rẹ̀, á dìde, ẹlòmíì á jókòó. Ọ̀rẹ́ wa kan tó jẹ́ ọmọ Odò-Ọwá kì í bá ẹnikẹ́ni jà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú géèmù. Ibi ìwakùsà ló máa ń gbà lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa fi owó tó bá rí kọ́ ilé. Àwa tá à ń sáré jagun, a ó ti fi ọmọ ogun wa ṣòfò láàárín ara wa. Nígbà tó bá wá dìde, kò sẹ́ni tó lè dúró níwájú rẹ̀. Kajú ló ń tà báyìí. Bó ṣe ń gbá géèmù náà ló ṣe ń ṣòwò rẹ̀: á fara balẹ̀, á jẹ́ káwọn aláriwo kọ́kọ́ ná owó wọn tán.

Ìkejì ni Battle for Wesnoth, òun ni mo sì máa ń dárúkọ fẹ́ni tí kò ní kọ́bọ̀ lápò. Ọ̀fẹ́ ni. David White ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2003, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni káàkiri ayé ló sì ń tún un ṣe títí dòní. Ọ̀sán àti òru ṣe pàtàkì nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun kan máa ń lágbára lójú ọ̀sán, àwọn mìíràn sì ń lágbára lóru. Ibi tẹ́ ẹ bá dúró sí tún ṣe pàtàkì. Ẹni tó wà nínú igbó tàbí lórí òkè kò ṣeé bá bí ẹni tó dúró sí gbangba. Ọmọ tó bá ń gbá a kò ní pẹ́ mọ̀ pé ìgbà kan wà tó yẹ kéèyàn sá sẹ́yìn, kó dúró dè ìmọ́lẹ̀. Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ ni pé àṣẹ tí wọ́n fi gbé e jáde gba ẹnikẹ́ni láyè láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí èdè tirẹ̀. Màá padà síbi ọ̀rọ̀ yìí.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan àwọn tó ní ìtàn gígùn. Baldur's Gate àkọ́kọ́ jáde ní ìparí ọdún 1998 láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ BioWare ní Kánádà, dókítà ìṣègùn sì làwọn tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ lè kó èèyàn mẹ́fà jọ nínú rẹ̀, tẹ̀yin náà ti wà níbẹ̀. Olúkúlùkù ní ìwà tirẹ̀, ẹni rere àti ẹni burúkú lè má gba ara wọn, ìjà á sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2012 ṣeé gbá lórí fóònù Android. Planescape: Torment ti ọdún 1999 ni mo máa fún ọmọ tó bá fẹ́ràn ìwé. Ẹni tẹ́ ẹ máa jẹ́ nínú rẹ̀ jí sáyé nínú ilé tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí, kò mọ orúkọ ara rẹ̀, ikú kò sì lè mú un lọ pátápátá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọpasẹ̀ ẹni tó ti jẹ́ láwọn ayé tó ti gbé sẹ́yìn, ohun tó ń rí kò sì dùn mọ́ ọn. Ohun tí gbogbo ìtàn náà ń dà rò ni bóyá ìwà èèyàn lè yí padà, àti ohun tó lè yí i. Ogun inú rẹ̀ kò tó nǹkan, kíkà ló pọ̀ jù. Ọmọ tó ń múra ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì WAEC tó bá lè là á já, á ti ka Gẹ̀ẹ́sì tó pọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré kọ́ ni kẹ́ ẹ fún, ìtàn náà wúwo. Ẹni tó bá ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún sókè ló yẹ.

Ẹ̀kẹrin nínú àwọn tí kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni Morrowind, tí ilé iṣẹ́ Bethesda ṣe lọ́dún 2002. Nínú àwọn géèmù òde òní, ọfà kan á máa tọ́ka ibi tẹ́ ẹ máa lọ, ẹ ò nílò làákàyè. Nínú Morrowind, ńṣe ni wọ́n á júwe ọ̀nà fún yín bí ará oko ṣe ń júwe fún àlejò: bó o bá dé afárá, yà sọ́wọ́ òsì, máa lọ títí wàá fi rí òkúta ńlá kan. Bẹ́ ẹ kò bá fetí sílẹ̀, ẹ máa sọnù. Diablo II ti ọdún 2000 náà gbajúmọ̀, mi ò sì bá ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ ju iṣẹ́ orí lọ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi kà á mọ́ wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní nǹkan àjèjì ni gbogbo èyí, pé kí ló kan ọmọ Ọ̀sí pẹ̀lú oṣó àti ajagun orí ẹṣin? Ẹ̀yin ará mi, ìlú Àreògún lẹ ti ń béèrè o! Dàda Àreògún, gbẹ́nàgbẹ́nà Ọ̀sí tó kú lọ́dún 1954, kí ló fi ayé rẹ̀ gbẹ́? Ẹ rántí orí Ẹpa tó ń gbẹ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bí ìkòkò tó ní ojú àti ẹnu, òkè rẹ̀ á wá ru jagunjagun lórí ẹṣin, tàbí ìyá ọlọ́mọ, tàbí Ọlọ́sanyìn, tàbí ẹkùn tó gbá ẹran mú, pẹ̀lú àwọn èèyàn kéékèèké tó yí wọn ká. Ayé odindi ló ń gbé sórí igi kan ṣoṣo, ọ̀dọ́kùnrin á sì rù ú jáde lọ́jọ́ ọdún. Bámidélé ọmọ rẹ̀ ló kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ níṣẹ́ ní Ọyẹ́-Èkìtì, nígbà tí Father Kevin Carroll dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn iṣẹ́ Àreògún wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Nàìjíríà àti lókè òkun. Ọmọ tó bá ti mọ orí Ẹpa, kò sí ẹ̀dá inú géèmù òyìnbó kankan tó máa yà á lẹ́nu.

Bẹ́ ẹ bá sì ní tìtàn lẹ̀ ń wí, ẹ jẹ́ ká sọ ti Fágúnwà. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, ọdún mẹ́rìndínlógójì ṣáájú Dungeons & Dragons. Ọba rán Àkàrà-Ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó, kò sì dá lọ. Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn tó lágbára bá a lọ, Ìmọ̀dóye ọlọ́gbọ́n bá a lọ, Olóhùn-iyọ̀ olórin bá a lọ, Ẹlégbèdè-Ọdẹ tó gbọ́ èdè ẹyẹ àti ẹranko bá a lọ, Ẹ̀fọ́ìyẹ́ tafàtafà bá a lọ, pẹ̀lú Àràmàdà Ọkùnrin. Olúkúlùkù ní ohun tó lè ṣe tẹ́nì kejì kò lè ṣe, bí ọ̀kan bá sì rẹ̀wẹ̀sì, òmíràn á gbé e dìde. Ẹ mú ẹgbẹ́ yìí, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn mẹ́fà inú Baldur's Gate, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi ibi tí àjèjì náà wà.

Ẹ̀hónú tó tún lágbára ju ìyẹn lọ ni tàwọn òbí tó ń bẹ̀rù ẹ̀mí àìmọ́. Màmá kan tó ń ta èlùbọ́ ládùúgbò wa pè mí lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ kò dúró dáadáa.

"Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan tọ́mọ yìí ń wò. Egungun òkú ló ń rìn kiri yẹn!"

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká ní kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe."

Ọmọ náà, tó wà ní SS2, wá ń ṣàlàyé fún màmá rẹ̀ pé ọ̀tá lòun ń bá jà, pé àwọn eegun yẹn ni ọmọ ogun ọ̀tá, pé ohun tó dá òun dúró ni pé òkúta òun ti tán, òun kò lè kọ́ odi ìlú, igi nìkan ló kù lọ́wọ́ òun, ó sì pọ̀. Màmá wò ó títí.

"Igi pọ̀ lọ́wọ́ rẹ, òkúta ló wọ́n ọ? Ṣé kò sọ́jà nílùú náà ni?"

Ọmọ náà dákẹ́. Ọjà wà. Téèyàn bá kọ́ ọjà sílùú nínú Heroes III, ó lè fi ìṣúra kan ṣe pàṣípààrọ̀ òmíràn. Bí ọjà tó ní káàkiri àwọn ìlú rẹ̀ bá sì ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ á máa dín kù. Ọmọ náà kò tíì kọ́ ẹyọ kan. Màmá jókòó tì í fún bíi wákàtí kan lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òun ló ń sọ ohun tí wọ́n máa tà àtohun tí wọ́n máa rà. Mi ò sọ pé ó ti wá fẹ́ràn eegun tó ń rìn o. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ó ti mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe lóru, ọmọ náà sì ti mọ̀ pé ìyá òun gbọ́n ju bó ṣe rò lọ. Lójú tèmi, ìyẹn tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká tún sọ òótọ́ mìíràn. Àwọn géèmù yìí lè gba gbogbo òru lọ́wọ́ èèyàn. "Ọjọ́ kan péré ló kù kí ọ̀sẹ̀ tuntun dé" lẹ ó máa wí títí àkùkọ á fi kọ. Nítorí náà, ẹ fi òṣùwọ̀n sí i. Èyí tí mò ń lò ni pé oṣù kan nínú géèmù lálẹ́ kan, lẹ́yìn náà kí wọ́n sééfù kí wọ́n sì pa á. Ọmọ tó bá ní iṣẹ́ ilé ìwé kọ́kọ́ ṣe é ná. Kò yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń lé wa kúrò nídìí ayò nígbà tá a wà ní kékeré.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti tẹ́tẹ́ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú jù. Nínú Heroes III, bẹ́ ẹ bá pàdánù, ọmọ ogun orí kọ̀ǹpútà lẹ pàdánù, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀. Ilé tẹ́tẹ́ kò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìdí kankan, owó yín ló ń wá. Ọ̀pọ̀ géèmù tuntun orí fóònù náà ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n á ní ọ̀fẹ́ ni, tó bá yá wọ́n á gbé àpótí kan síwájú ọmọ yín, pé kó sanwó kó tó ṣí i, kò sì ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí owó á fi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 2018, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ní Belgium sọ pé irú àpótí bẹ́ẹ̀, tẹ́tẹ́ ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ kan ní ọjọ́ 22, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, ó fagi lé òfin lọ́tìrì àpapọ̀ ti ọdún 2005, ó ní ọ̀rọ̀ lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ kò sí lábẹ́ agbára ilé aṣòfin àpapọ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ọwọ́ àwọn aṣòfin wa ní Ìlọrin lọ̀rọ̀ náà wà báyìí. Ẹni tó ń ṣojú Èkìtì àti ẹni tó ń ṣojú Òkè-Ẹ̀rọ níbẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nípa ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún tó ń ta tẹ́tẹ́ lórí fóònù, àti nípa àpótí àdììtú yìí.

Nítorí pé amòfin ni mí, mo tún gbọ́dọ̀ sọ ti àjígbé. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti ọdún 2022, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta, ọdún 2023, ka ètò orí kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ ìwé kíkọ. Ẹni tó bá dà á kọ láìgbàṣẹ, tó ń tà á fáwọn èèyàn, arúfin ni. Yàtọ̀ sí òfin, kòkòrò tó ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́ ló máa ń kún inú èyí tí wọ́n bá dà kọ sórí fílásì. Wesnoth, ọ̀fẹ́ ni, kò sídìí láti jí i. Heroes III, Baldur's Gate àti Planescape wà lórí GOG, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2008. Iye tí wọ́n ń ta Heroes III kì í sábà ju nǹkan bíi dọ́là mẹ́wàá lọ, wọ́n sì máa ń dín in kù gan-an láàárín ọdún. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ lè tọ́jú rẹ̀ síbi tó bá wù yín, kò ní wá bẹ yín wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ṣé ẹ̀yin náà ni. Bí owó náà bá wúwo, ẹ̀yin mẹ́rin lẹ lè dá a kẹ́ ẹ jọ máa jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan, bí àwa ṣe ṣe.

Àwọn tó dá GOG sílẹ̀ ni mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀, nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ kan wa gan-an. CD Projekt lorúkọ ilé iṣẹ́ náà, ní Poland. Lọ́dún 1994, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ló dá a sílẹ̀, géèmù Amẹ́ríkà orí CD ni wọ́n ń kó wọlé tà. Ojúlówó kò tà ní Poland nígbà yẹn nítorí pé èyí tí wọ́n dà kọ kún gbogbo ọjà. Kí ni wọ́n wá ṣe? Lọ́dún 1999, wọ́n túmọ̀ Baldur's Gate sí èdè Polish látòkèdélẹ̀, wọ́n pe àwọn òṣèré ilẹ̀ wọn láti sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún ló tà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá ṣe tara wọn. The Witcher, tó jáde lọ́dún 2007, inú ìtàn Andrzej Sapkowski, òǹkọ̀wé ilẹ̀ wọn, ni wọ́n ti fà á yọ. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n lónìí.

Wọ́n gbá a, wọ́n túmọ̀ rẹ̀, wọ́n wá ṣe tiwọn. Ní ilẹ̀ adúláwọ̀ níbí, ilé iṣẹ́ Kiro'o Games ní Cameroon gbé Aurion: Legacy of the Kori-Odan jáde lọ́dún 2016, géèmù ayé àlọ́ tí wọ́n fi àṣà ilẹ̀ Áfíríkà ṣe. Kò sóhun tó ní káwa má bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ KWASU tó wà ní ẹ̀ka Ọ̀sí, àtàwọn olùkọ́ Yorùbá láwọn ilé ìwé girama wa, Wesnoth ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ túmọ̀ ìtàn kan ṣoṣo nínú rẹ̀ sí Yorùbá tó dá múṣémúṣé. Kò béèrè owó, iṣẹ́ ọpọlọ ni. Ọmọ tó bá bá wọn ṣe é á mọ èdè rẹ̀, á sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù.

Ẹni tó bá sì ti ń wò ó pé Àkàrà-Ògùn gan-an lòun máa fi ṣe tòun, kó gbọ́ ti òfin ná. Ọdún 1963 ni Fágúnwà kú. Àádọ́rin ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí òǹkọ̀wé kú ni òfin wa fi ń dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà títí di òpin ọdún 2033, àfi kẹ́ ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó jogún ẹ̀tọ́ náà. Ọdún náà kò jìnnà mọ́. Ọmọ tó wà ní SS2 lónìí, kò ní tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà yẹn. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́ látòní, ọwọ́ rẹ̀ á ti mọ́ ọn.

Fún alẹ́ òní, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Wesnoth. Ẹ lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dára, ẹ dáúnlóòdù rẹ̀, ẹ gbé e wálé. Ẹ̀yin òbí, bẹ́ ẹ bá rí iná láptọ́ọ̀pù lábẹ́ ilẹ̀kùn ọmọ yín, ẹ kanlẹ̀kùn, kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ìlú wo ló ń gbèjà rẹ̀.